Yíyí Orin Àgbà Padà

Àríyànjiyàn kan wà láàárín wa ní Òkìtìpupa: ǹjẹ́ ẹni tí ó yí orin àgbà padà kò tàbùkù sí i bí? Àwa rò pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, Tony Allen, onílù ọmọ Èkó, ṣe àwo orin mẹ́rin ní ìrántí Art Blakey, ọ̀gá onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, tí ó kú ní 1990. Nínú “Moanin'” tí Bobby Timmons kọ, ẹni tí ó mọ orin náà yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lẹ́nu àwọn afọnfèrè. Ìlù ni Allen pààrọ̀. Ó fi ìlù Afrobeat, tí òun àti Fela jọ dá sílẹ̀, sí i. Blakey ni ó sì fi ṣe àwòkọ́ṣe nígbà èwe! Bí ó bá ṣe pé ó lù ú bí Blakey ti lù ú ni, àfarawé lásán ni ìbá jẹ́, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nídìí dùùrù.