Nígbà Tí Aọ́tà Bá Wú

Aọ́tà ni òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára ènìyàn. Láti inú ọkàn ló ti ń gba iwájú egungun ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn. Níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀ níbì kan, tó yọ kókó bíi tíúbù kẹ̀kẹ́, tó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, àrùn ti dé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan àti ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á, ó sì ń ṣe ọkùnrin ju obìnrin lọ. Nínú àwọn ìdílé kan, ó máa ń jẹ́ àjogúnbá. Ṣùgbọ́n sífílíìsì tí wọn ò tọ́jú, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kòkòrò HIV lè ba aọ́tà ọ̀dọ́ pàápàá jẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni ní Port Harcourt má pè é ní àrùn àwọn arúgbó òyìnbó.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló burú. Awakọ̀ ojú ọ̀nà Aba lè gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀. Ẹlòmíràn á kàn rí i pé nǹkan ń lù kì kì kì nídìí ìdodo bí òun bá dùbúlẹ̀. Èyí tó wà láyà lè mú kí ohùn ha tàbí kí oúnjẹ máa há lọ́fun. Tó bá bẹ́, ìrora á ya lu ikùn àti ẹ̀yìn lójijì, òógùn tútù á bo aláìsàn, á sì dákú. Ó fara jọ òkúta inú kíndìnrín. Ẹ̀mí sì ń bọ́ níbi tí wọ́n bá ti ṣì í mú.

Àrùn yìí ló pa Albert Einstein ní April 1955. Ní 1948, dókítà oníṣẹ́ abẹ Rudolph Nissen ti fi sẹloféènì wé aọ́tà rẹ̀, Einstein sì lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà sí i. Nígbà tó bẹ́, Einstein kọ iṣẹ́ abẹ.

Rírí i kò ṣòro rárá. Irú sikáànì tí aláboyún ń ṣe ń fi ti inú ikùn hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí abẹ́rẹ́. Bí ó bá wú, sikáànì CT á fi bó ṣe rí gan-an hàn. Ní Port Harcourt, dókítà lè darí aláìsàn sí UPTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Port Harcourt, ní Alakahia. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń pe gbogbo ọkùnrin fún sikáànì yìí ní ọdún 65, àwọn bàbá Yorùbá ibẹ̀ náà ń gba lẹ́tà. Nàìjíríà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Amusìgá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ti dàgbà, gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ bi dókítà.

Èyí tó kéré, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á sì mú ìfúnpá wálẹ̀. Tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 5.5 lára ọkùnrin, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ dé.