Ohun tí Kòkòrò ti Jẹ kí Àwa tó Jẹ Ẹ́

Òjò àkọ́rọ̀ ní í ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀gán. Bó bá ti rọ̀ tán tí ilẹ̀ sì dẹ̀, èsúnsún á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, akọ àti abo, wọn á máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ní Ojú Ore ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà tó ti Sángo lọ sí Ìdìrókò, ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n: iná ilé epo ń tàn, iná ọgbà iléeṣẹ́ ń tàn, iná àwọn ọlọ́jà alẹ́ náà ń tàn. Abẹ́ wọn ni èsúnsún ń bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbé ọpọ́n omi sábẹ́ iná á kó o dáadáa. Á fẹ́ ìyẹ́ dànù, á wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, á yan án nínú agbada láìfi òróró sí i, torí èsúnsún ní ọ̀rá tirẹ̀ lára. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn adùn rẹ̀. Bóyá ó dára fún ara ni ọ̀rọ̀ wà, lójú tèmi, orúkọ kòkòrò kò sì lè dáhùn ìyẹn. Ohun tí kòkòrò jẹ, ilẹ̀ tó ti wá, àti bí a ṣe sè é tí a sì tọ́jú rẹ̀, àwọn ló ń dáhùn.

Pé oúnjẹ gidi ni kòkòrò, a ò ní í pẹ́ lórí ìyẹn. Ní ọdún 2006, A. D. Banjo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tẹ àyẹ̀wò jáde lórí irú kòkòrò 14 tí a ń jẹ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, wọ́n sì rí pùrótéènì àti ọ̀rá lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo tata, ẹlẹ́wà tí kì í sáré. Ara rẹ̀ tó pọ́n bí òféèfèé tó tún ní àwọ̀ ewé jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹyẹ. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó òdòdó ewé Akíntọ́lá, igbó tó ń bo gbogbo ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí ní Ọ̀tà. Májèlé kan wà nínú òdòdó yẹn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tata a máa kó o pa mọ́ sára, kí nǹkan mìíràn má baà jẹ òun. Tata tó dàgbà nínú igbó Akíntọ́lá àti èyí tí kò mọ ibẹ̀ rí kì í ṣe oúnjẹ kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jẹ́ tata.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa jẹ kòkòrò, kò sì pa wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ sí Iléṣà. Kòkòrò sányán, tí a ń fi òwú ilé rẹ̀ hun aṣọ àwọn ọlọ́lá, ní ìdin tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń yan, tí wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Ní ọdún 1958, àwọn dókítà kọ̀wé nípa àìsàn kan níhà ibẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà òjò ló máa ń dé: aláìsàn á máa gbọ̀n, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, iyè ẹlòmíràn á sì máa rá. Ó di ọdún 1993 kí Dókítà Bọ́lá Adámọ́lékún tó tọ́ka sí ìdin yìí nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Ní ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ará Japan wá fi hàn pé èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń fọ́ fítámì B1 túútúú. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà àti ẹran lè jẹ ìdin náà kó má mọ nǹkan kan lára. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, tí fítámì yẹn ti wọ́n lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní B1, ara wọn yá. Ọdún 35 gbáko, lórí oúnjẹ tí gbogbo ìlú mọ̀! Jíjẹ tí a ti ń jẹ nǹkan tipẹ́ kò túmọ̀ sí pé a ti mọ̀ ọ́n tán.

Iná ńkọ́? Iná wúlò púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó jẹ kòkòrò ní tútù. Síbẹ̀ èròjà inú ìdin sányán yẹn le sí iná, àfi kó jiná dénú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tún wà tí irúgbìn wọn ń la omi híhó já, tí wọ́n á sì jí bí a bá dé oúnjẹ mọ́lẹ̀ sínú ooru. Ní Kenya, èsúnsún tí wọ́n dì sínú àpò ike fún ọjọ́ mélòó kan mú májèlé jáde, ó sì pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ òjé tún le ju ìyẹn lọ, torí òjé kì í jóná. Ní Monterey, ní California, àwọn ọmọdé tí òjé wọ̀ lára ti jẹ tata yíyan tí àwọn ẹbí wọn fi ránṣẹ́ láti Oaxaca ní Mexico. Nígbà tí wọ́n yẹ tata náà wò, òjé kún inú rẹ̀. Ẹ fi èyí wé Ojú Ore, níbi tí iléeṣẹ́ irin ti ń yọ́ irin nítòsí, tí ọkọ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú èéfín epo olójé sórí ilẹ̀ ẹ̀bá títì. A kì í lo epo yẹn mọ́, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìrẹ̀ tó wà nínú ihò ní oko Adó-Odò kò ṣe é fi wé èyí tó wà lẹ́yìn ògiri iléeṣẹ́.

Ẹlòmíràn á ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú jáwọ́. Kí ló dé tí a kò jáwọ́ nínú ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. A kọ́ bí a ṣe ń rin ín, tí a ń fún un, tí a ń yan án, ó sì di gàárì. Ní Yúróòpù, wọ́n yẹ ìdin kan tí wọ́n ń sìn wò ní ọdún 2021, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún jíjẹ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí edé ń yún lára ṣọ́ra, torí èròjà tó ń fa ìyún náà wà lára àwọn méjèèjì. Wọ́n tún bèèrè ohun tí wọ́n fi bọ́ ìdin yẹn. Ó yẹ kí a lè bi ẹni tó ń ta ìdin ọ̀pẹ ní Sángo ní irú ìbéèrè kan náà, kó sì lè dárúkọ oko tí ọ̀pẹ náà ti wó. Ní ti èsúnsún abẹ́ iná, èyí tó ń fò wọnú omi ni kí a kó. Èyí tí a bá láàárọ̀ tó ti kú sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, a kò mọ̀ bóyá ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ti fọ́n oògùn apakòkòrò síbẹ̀ kó tó ti ìlẹ̀kùn lóru àná.