Ọjọ́ Ọjà àti Ọjọ́ Ìwé

Ní Ìfọ́n wa yìí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òrólú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, a sábà máa ń gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ayé òde òní kò fẹ́ràn ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fìdí rẹmi ni kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí a kọ́ ohun tí ìdánwò béèrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, ìgbà 7 ni à ń ná ọjà ọrọọrún, 5 nínú rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ọjọ́ iléèwé. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ ru irè oko lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà yóò pàdánù ọjọ́ 5 nínú 20. Ní sáà ọlọ́sẹ̀ 12, ó di ọjọ́ 15, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! A kò tíì ka ọjọ́ òjò àti ọjọ́ àìsàn mọ́ ọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára òbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí aáwọ̀ ilẹ̀ dìjà láàárín Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24. Ọmọ tí kò lè yọjú síta, báwo ni yóò ṣe dé kíláàsì?

Ìdánwò WAEC kì í béèrè ìdí. Kírẹ́díìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, àti Ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ni yunifásítì ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìṣirò dà bí àkàbà: ẹni tó fo àtẹ̀gùn kan yóò ṣòro fún láti gun èyí tó tẹ̀ lé e. Níbi tí olùkọ́ kan ṣoṣo ti ń kọ́ gbogbo kíláàsì, àyè àtipadà sẹ́yìn ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ ran yín lọ́wọ́ lẹ́yìn iléèwé àti lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kò bá dáhùn orúkọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ránṣẹ́ sílé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ Ìṣirò, wákàtí méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò pọ̀ jù láti fi dá ohun tó sọnù padà fún àbúrò yín.