Àwo Àkọ́kọ́ Black Pumas, 2019

Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni Eric Burton àti Adrian Quesada ti dá ẹgbẹ́ tó ṣe àwo yìí sílẹ̀. Àwọn kan ní àdàkọ orin sóòlù àwọn ọdún 1960 lásán ni. Lóòótọ́, ìró ìlù àti gìtá rẹ̀ jọ ti ìgbà náà; ọwọ́ Quesada nìyẹn. Ṣùgbọ́n Burton, tó ti ń kọrin gba owó lójú títì, ti kọ «Colors», ọ̀kan lára orin inú àwo náà, kí ó tó mọ Quesada rárá. Aṣọ àtijọ́ ni wọ́n kàn wọ̀ fún orin tó ti ní ẹ̀mí tirẹ̀. Ẹ̀bùn Grammy pè wọ́n mọ́ àwọn tó du ipò olórin tuntun fún 2020 (bẹ́ẹ̀ Quesada ti gba Grammy tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Grupo Fantasma!); ní 2021, ẹ̀dà àfikún àwo náà wà lára àwọn tó du àwo orin ọdún.