Ìtànṣán tí ojú kò lè rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣa àjákù irin tà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n irin kan wà tí a kò gbọdọ̀ tú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní ilẹ̀ Brazil, ọkùnrin méjì yọ irin wúwo kan lára ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn tí a ti pa tì. Wọ́n tà á fún ẹni tí ń ra àjákù irin. Ìyẹ̀fun kan wà nínú rẹ̀ tí ń tàn lóru. Ó wu àwọn ènìyàn. Wọ́n pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Àwọn mìíràn fi í pa ara. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tó ti kàn án jẹun. Láìpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara wọn sì ń bó. Ènìyàn 4 kú, ọmọ náà wà nínú wọn. A yẹ ara ènìyàn bíi 112,000 wò. A rí i pé ìyẹ̀fun náà ti kan 249.

Kí ni ìyẹ̀fun yìí? Sésíọ̀mù 137 ni, tí a fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ kò lè dúró bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ń yí padà di nǹkan mìíràn. Bí wọ́n ti ń yí padà ni wọ́n ń ta ìtànṣán. Iná kò lè dá a dúró, omi kò lè dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ iṣu 80 ni, lẹ́yìn 30 ọdún, 40 ni yóò kù. Lẹ́yìn 30 ọdún mìíràn, 20 ni yóò kù.

Irú ìtànṣán mẹ́ta ló wọ́pọ̀:

1. Alpha. Bébà lásán lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ohun tí ń ta á mì, ó ń ba inú ara jẹ́.

2. Beta. Ó ń la bébà kọjá, ó sì lè jó awọ ara. Páànù àlùmíníọ̀mù lè dá a dúró.

3. Gamma. Ó ń la ara ènìyàn kọjá. Òjé tó nípọn tàbí ògiri kọ́ńkéré tó nípọn ló ń dín in kù.

Beta àti gamma ni sésíọ̀mù ń ta. Ìdí nìyí tí a fi fi òjé bò ó, tí irin náà sì wúwo. Ojú kò rí ìtànṣán, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bí ẹ bá rí irin tó ní àmì abẹ́bẹ̀ dúdú mẹ́ta lórí àwọ̀ ìyeyè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àmì náà lè ti pa rẹ́. Nítorí náà, bí irin kékeré bá wúwo ju bó ti yẹ lọ, ẹ má tú u, ẹ má gbé e wálé. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ sọ fún baálẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá kíákíá.

Kò sí owó irin tó lè ra ẹ̀mí padà.