Ọjọ́ Kan Níwájú Sípíkà, Nínú Oòrùn

Ará Mowe àti Ibafo kì í ṣe àjèjì sí èrò. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ni àwọn àgọ́ àdúrà tò sí: Redeemed wà níbẹ̀, Mountain of Fire wà níbẹ̀, Deeper Life wà níbẹ̀, NASFAT náà kò gbẹ́yìn. Bí àpéjọ ńlá bá ti pé, ọkọ̀ á dúró gbagidi, àwọn ọlọ́mi á máa sáré láàárín mọ́tò, ẹni tí kò tilẹ̀ lọ síbi àdúrà náà á pẹ́ kó tó délé. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń lo odidi ọjọ́ kan níbi ayẹyẹ orin heavy metal, ìdajì àlàyé náà ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìdajì tó kù ni ariwo àti oòrùn, àwọn méjèèjì sì máa ń mú nǹkan lára ènìyàn láì jẹ́ kó fura.

Orin gìtá oníná ni heavy metal. Àdúgbò Aston ní Birmingham, níbi tí pápá Aston Villa wà, ni àwọn mẹ́rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀ ti dàgbà, oṣù kejì ọdún 1970 sì ni àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Tony Iommi tó ń ta gìtá fún wọn ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù irin. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ó fi ike ṣe orí ìka mìíràn, ó wá okùn gìtá tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn náà kó má baà máa dùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn gìtá ṣe lọ sílẹ̀ tó sì ki. Nígbà tí Ozzy Osbourne tó ń kọrin fún wọn fẹ́ dágbére, pápá Aston Villa yẹn náà ni wọ́n padà sí, ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2025. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Lọ́dún 1973, ẹgbẹ́ olórin BLO ti gbé àwo rọ́ọ̀kì jáde ní Èkó. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's tó ń jẹ́ Ofege náà gbé tiwọn jáde. Lónìí, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ń po heavy metal mọ́ ìlù ìbílẹ̀ ní Lomé, àwo wọn Dzikkuh sì jáde ní 2024. Ní Botswana, àwọn olólùfẹ́ orin yìí a máa wọ awọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ nínú oòrùn tó ń ta gbogbo ènìyàn lára. Ẹgbẹ́ Overthrust tó wà ní Ghanzi ló gbọ́n nínú wọn: ìgbà òtútù ni wọ́n fi ayẹyẹ tiwọn sí, ó tiẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà wà lọ́dọ̀ wa. Ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ tí Redeemed ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kì í bá oòrùn pàdé, oṣù kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú sì ni àpéjọ wọn ọdọọdún ń bọ́ sí.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ayẹyẹ heavy metal ni ti Wacken, abúlé kan ní àríwá Jámánì tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, nǹkan bí 85,000 ènìyàn ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń pàgọ́ sórí pápá àwọn àgbẹ̀. Ní 2017, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ kí bíà lè máa ṣàn wá síbi tí wọ́n ti ń tà á, kí ọkọ̀ má baà máa fọ́ pápá. Orí ìtàgé ńlá méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń jẹ́ Faster, èkejì ń jẹ́ Harder. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń ṣeré lórí ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ á máa to ìlù àti gìtá ẹgbẹ́ tó kàn sórí èkejì, kí orin má baà dá. Ìyẹn dára fún ẹni tó sanwó, ṣùgbọ́n kò dára fún etí rẹ̀, torí kò sí àkókò ìsinmi àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá kúrò níbẹ̀.

Níwájú orí ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ á la agbo sílẹ̀, wọ́n á máa sáré yípo, wọ́n á máa fi èjìká gbá ara wọn. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní ìjà ló dé. Mosh pit ni wọ́n ń pè é, òfin ń bẹ níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó bá ṣubú, àwọn tó wà nítòsí á fà á dìde kíá, bí bàtà bá bọ́, ẹni tó bá rí i á nà án sókè kí ẹni tó ni ín lè wá gbà á. Àwọn kan á nà gbalaja sórí ọwọ́ èrò, wọ́n á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n á fi dé ibi ọgbà irin, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń gbà wọ́n sílẹ̀. Ọgbà irin náà ní iṣẹ́ tó ju ìdènà lọ. Ó ń pín èrò sí ìsọ̀rí, kí títì tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì má baà tẹ àwọn tó wà níwájú pa. Mo ti rí òde ìnáwó oníspréè owó níbí tó le ju mosh pit lọ, tí ẹni tó ṣubú sì ń dìde fúnra rẹ̀.

Òjò náà ń ṣe wọ́n o. Ní 2023, ẹrẹ̀ pọ̀ ní Wacken débi pé wọ́n ti ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sì padà sílé. Ẹni tó ń gbé inú àdúgbò ní Ibafo kò ní bi mí pé báwo ni ẹrẹ̀ ṣe ń dá mọ́tò dúró.

Oòrùn ló wá yẹ ká dúró lé lórí. Ara ènìyàn fẹ́ kí ooru inú òun wà ní nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá ń mú ooru jáde tó ti gílóòbù oníwáàtì 100. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ijó, ooru náà á di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju awọ ara lọ, kò sí wàhálà. Bí ìta bá ti gbóná tó ara, òógùn nìkan ló kù. Kì í sì í ṣe pé kí òógùn máa kán ló ń mú ara tutù. Gbígbẹ tó bá ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ooru àgbègbè wa a máa dé 34 tàbí 35 lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun sì ti kó ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́. Òógùn á bò yín, á máa ṣàn wọ inú ojú, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ, ooru yóò sì wà nínú ara. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: òógùn á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ ó rò pé ẹ kò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ara ń tán lọ. Ẹni tó ń jó nínú oòrùn lè pàdánù lítà omi kan ní wákàtí kan, ìyẹn píọ̀wọ́tà méjì. Láàárín èrò tó fún pọ̀, ó tún burú sí i, torí atẹ́gùn kò ráyè wọlé, ooru ara ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ sì ń gbà.

Aṣọ dúdú ńkọ́? A mọ̀ pé dúdú ń fa oòrùn. Ṣùgbọ́n ní 1980, àwọn onímọ̀ kan kọ sínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn Bedouin tó ń wọ ẹ̀wù dúdú nínú aginjù. Wọ́n rí i pé ooru tí àwọ̀ dúdú fà kì í dé ara, nítorí aṣọ náà tú, atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ á ti gbé e lọ. Tíṣáàtì dúdú tó lẹ̀ mọ́ra, tó ti rin fún òógùn, kò ní àǹfààní yẹn. Ẹ wá wo tiwa: aṣọ òkè lórí lééṣì, gèlè tó fún orí pinpin, lábẹ́ kánópì tó kó ooru pa mọ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, agbádá fífẹ̀ ni màá mú, kí n sì bọ́ ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ sílé.

Àwọn tó ń ṣètò ló ń pinnu bóyá ooru á pa ènìyàn tàbí kò ní pa á. Ní oṣù keje ọdún 1999, wọ́n ṣe ayẹyẹ orin Woodstock ní ìlú Rome, ìpínlẹ̀ New York, ní ibùdó ọkọ̀ òfurufú ológun tí wọ́n ti pa tì. Ọ̀dà àti kọnkéré ló wà nílẹ̀, ibòòji kò tó nǹkan, ooru sún mọ́ 38, ìgò omi kan sì jẹ́ dọ́là mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 kan ṣubú nígbà tí Metallica ń ṣeré, ooru ló pa á. Ní oṣù kẹfà 2022, ooru líle mú ayẹyẹ Hellfest ní Clisson, ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n níbẹ̀, wọ́n ń fi rọ́bà fín omi sórí èrò bí orin ṣe ń lọ. Ní oṣù kọkànlá 2023, níbi eré Taylor Swift ní Rio de Janeiro, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 23 kan kú nínú ooru. Àwọn èrò ní wọn kò jẹ́ kí àwọn mú omi wọlé, ìjọba Bùràsíìlì sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa pèsè omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Hájì ọdún 2024, àwọn tó kú lé ní 1,300, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé àṣẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò ní tẹ́ńtì tàbí bọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Orin kọ́ ló pa wọ́n. Àìsí omi àti ibòòji ni.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rọrùn láti mọ̀: iṣan á máa fà, òyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹ gbé onítọ̀hún sí ibòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi. Bó bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná janjan tí kò sì mọ ibi tó wà, ooru inú rẹ̀ ti lè kọjá 40, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ da omi sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí abíyá àti ọrùn rẹ̀ bó bá wà. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ nǹkan.

Bíà kò rọ́pò omi, torí ọtí ń mú kí kíndìnrín da omi ara nù. Omi nìkan náà kò tó fún ẹni tó ti làágùn láti àárọ̀, torí iyọ̀ bá òógùn jáde. Ẹ da píọ̀wọ́tà méjì tó jẹ́ lítà kan sínú ike mímọ́, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí kò kún bo ẹnu, ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀, ẹ rò ó pọ̀.

Etí ńkọ́? Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kú kì í hù mọ́. Dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn ariwo. Ní 85, etí lè gba wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí a bá fi 3 péré kún un, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì, àkókò á sì dín sí ìdajì: wákàtí mẹ́rin ní 88, méjì ní 91, ọ̀kan ní 94. Tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Ìwé Guinness kọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin Deep Purple sílẹ̀ pé wọ́n dé 117 ní 1972. Nígbà tó yá, wọ́n pa irú ìdíje yẹn rẹ́ torí etí àwọn ènìyàn. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìpíndọ́gba ariwo níbi eré má ju 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ibi ìsinmi tí ariwo kò pọ̀ sì wà. Fújì ni o, orin ẹ̀mí ni o, heavy metal ni o, etí kò mọ ìyàtọ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe kò wọ́n. Ní gbangba, bí ẹ bá kúrò ní mítà márùn-ún sí sípíkà lọ sí mítà mẹ́wàá, nǹkan bí 6 á jábọ́ nínú dẹ́síbẹ̀lì, àkókò tí etí lè gbà á sì di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ní òde ìnáwó tàbí kánífà oṣù Kejìlá lọ́dọ̀ wa, ẹ má jókòó síbi sípíkà ká tábìlì mọ́, pàápàá bí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín. Àwọn olólùfẹ́ heavy metal a máa mú fóòmù kékeré dání tí wọ́n fi ń dí etí. Òwú lásán kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka yí fóòmù náà títí á fi tín-ín-rín, ẹ gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, ẹ ti fóòmù wọlé, kí ẹ fi ìka dì í mú títí á fi wú padà. Orin á ṣì dùn, ọ̀rọ̀ á tiẹ̀ tún yéni sí i.

Bí etí bá ń hó lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti gba ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má tún ki fóònù bọ̀ ọ́ láti fi sùn. Bí híhó náà kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà etí. Láti Mowe, Ṣàgámù kò jìnnà, ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà níbẹ̀. Ẹ wo ìtọ̀ yín pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó sùn. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi kò tíì tó. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́.