ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: BÍ A ṢE Ń DÁ Ọ̀DỌ́ ELÉRÉ HỌ́KÌ TÍ YÓÒ DÁRA MỌ̀

Ìlapa Èrò
(i) Ohun tí ètò yíyan eléré jẹ́
(ii) Ọjọ́ orí ọmọ náà àti irú ẹni tí ó ń bá gbá
(iii) Ẹsẹ̀, ọwọ́ àti làákàyè
(iv) Ìṣesí rẹ̀ nígbà tí pọ́ọ̀kì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀
(v) Àpẹẹrẹ àti ìkádìí

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ṣámúṣámú tí yóò dalẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí yóò tán lójú ọ̀nà? Iṣẹ́ yìí ni ó wà lọ́rùn àwọn alámì ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni NHL, líìgì àwọn tí ń fi họ́kì ṣe iṣẹ́ oòjọ́, máa ń ṣe ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ eléré. Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Montreal. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣi ẹni yàn, ó lè jìyà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Kí ni ó yẹ kí alámì wò lára eléré iwájú, ẹni tí a ń retí pé kí ó máa gbá pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ nì, sínú àwọ̀n? Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ orí. Ẹni tí wọn yóò yàn gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Nítorí èyí, ọmọ méjì lè wà nínú ètò kan náà kí ọ̀kan fi nǹkan bí ọdún kan ju èkejì lọ. Lẹ́yìn èyí, ta ni ó ń bá gbá? Góòlù mẹ́rin tí ọmọ kan gbá wọlé láàárín àwọn àgbàlagbà ní Sweden lè wúwo ju ogójì tí ẹlòmíràn ní láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ṣe pàtàkì: ṣé ó lè yà kíá, ṣé ó lè dúró lójijì kí ó tún gbéra? Ọwọ́ náà ṣe pàtàkì, nítorí pé pọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n làákàyè ni olórí. Ọlọ́gbọ́n eléré ti mọ ibi tí yóò gbá pọ́ọ̀kì sí kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Nínú ìdíje oníṣẹ́jú 60, ìwọ̀nba díẹ̀ ni pọ́ọ̀kì fi ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà, alámì tí ó mọṣẹ́ kì í tẹjú mọ́ pọ́ọ̀kì. Ọmọ náà ni ó ń ṣọ́. Bí wọ́n bá gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó sáré padà sẹ́yìn láti ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àbí ó dúró tí ó ń wòran?

Ní 1993, Alexandre Daigle ni Ottawa yàn ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ yòókù. Pọ́íǹtì 137 ni ó ti kó jọ nínú ìdíje 53 ní líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Quebec. Síbẹ̀, góòlù 129 péré ni ó ní nínú ìdíje 616 ní NHL. Ní 1998 ẹ̀wẹ̀, ènìyàn 170 ni wọ́n ti yàn kí Detroit tó mú Pavel Datsyuk láti Rọ́ṣíà. Ó bá wọn gba ife Stanley ní 2002 àti 2008. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sì gba ẹ̀bùn Selke, èyí tí ó wà fún eléré iwájú tí ó mọ bí a ti ń dáàbò bo ilé jù lọ. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ yan Martin St. Louis, ọkùnrin kúkúrú, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn eléré tí ó wúlò jù lọ ní 2004.

Ní ìkádìí, góòlù ń sọ ohun tí ọmọ ti ṣe, kò sọ gbogbo ohun tí yóò lè ṣe. Alámì tí ó bá fẹ́ ṣe òtítọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti sí ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ní ọjọ́ tí ó borí àti ní ọjọ́ tí wọ́n nà án.